Ìtàn Àpótí Ìsàba: Ohun tí Ẹyin Alángbá Kọ́ Ayé

Kò sí ògiri kan ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà tí alángbá kì í gùn. Akọ rẹ̀ a gbé orí pupa fòò sókè, a sì máa mì ín bí ẹni tó ń jẹ́ ìkíni. Àwọn àgbà ní alángbá tó já láti orí ìrókò tí kò kú, ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Àwa ọmọdé ń sọ ọ́ lókò, àwọn ìyá wa sì ń fi ìgbálẹ̀ lé e kúrò nídìí èlùbọ́ tí wọ́n sá sóòrùn. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló mọ̀ pé láti ara ẹyin ẹranko yìí ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá kan ní ọdún 1966, àti pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ooru lè pinnu bóyá ọmọ tó wà nínú ẹyin yóò di akọ tàbí abo. Nínú àròkọ yìí, n óo sọ bí ènìyàn ṣe kọ́ láti pa ẹyin láìlo adìẹ, bí iṣẹ́ náà ṣe dé orí ẹyin àwọn ẹranko afàyàfà, àti ìdí tí ìtàn náà fi kan àwa tí à ń gbé pẹ̀lú alángbá lójoojúmọ́.

Ọ̀dọ̀ adìẹ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí adìẹ bá jókòó lé ẹyin rẹ̀ tí kò dìde, a ní ó ń sàba. Ọjọ́ 21 ni ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó pa ọmọ. Láyé àtijọ́, òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, nítorí wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn. Òṣómàáló ni adìẹ náà. Ó lóṣòó ti ẹyin, kò sì ní dìde àfi bí ó bá gba ọmọ rẹ̀. Ìyá mi àgbà ní Iléṣà a máa gbé ẹyin awó sábẹ́ adìẹ, nítorí adìẹ ń fara balẹ̀ sàba ju awó lọ. Ó mọ̀ pé ẹyin awó ń pẹ́ ju ti adìẹ lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. A sì máa fi èédú fa ìlà sára ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dá èyí tí adìẹ mìíràn bá wá yé kún un mọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìlà èédú yẹn sọ́kàn.

Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti ṣe iṣẹ́ adìẹ fún un. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin kí a tó bí Jésù, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa àwọn ẹranko pé àwọn ará Íjíbítì máa ń ri ẹyin sínú ilẹ̀tíkù, tí ooru ìgbẹ́ ẹran yóò sì pa wọ́n. Ó tún sọ ìtàn ọ̀mùtí kan ní ìlú Syracuse, tó kó ẹyin sábẹ́ ẹní tó jókòó lé, tó ní òun yóò máa mu ọtí láìdáwọ́ dúró títí ẹyin yóò fi pa. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Íjíbítì kọ́ ilé amọ̀ ńláńlá tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń fi iná kékeré tí wọ́n dá pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran àti koríko gbígbẹ mú un móoru. Wọn kò ní tẹmómítà. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin yóò mú ọ̀kan, yóò fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti mọ̀ bóyá ooru pọ̀ jù tàbí ó kéré. Baba ń fi ìmọ̀ yìí lé ọmọ lọ́wọ́, bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń ṣe.

Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tiwọn tutù, wọn kò sì ní ìpéǹpéjú tó ti kọ́ṣẹ́. Nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, Cornelis Drebbel, ará ilẹ̀ Holland, ṣe ààrò kan tó ń dín iná ara rẹ̀ kù bí ooru bá ti pọ̀ jù, ó sì fi pa ẹyin. Ní 1749, Réaumur, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi àgbá tí a ri sínú ìgbẹ́ ẹṣin pa ẹyin adìẹ. Ó fi tẹmómítà wọn ooru rẹ̀, torí náà ẹni tí kò tíì rí ilé amọ̀ Íjíbítì rí lè ka ìwé rẹ̀ kí ó sì dán an wò. Ní 1879, Lyman Byce gbé àpótí tirẹ̀ jáde ní Petaluma, ní Amẹ́ríkà, ìlú náà sì di ìlú ẹyin àti adìẹ. Ní 1881, Charles Hearson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpótí tó ń lo fìtílà. Ó fi agolo pẹlẹbẹ kan tó ní omi olóòórùn líle nínú sí i. Bí ooru bá ti ju bó ṣe yẹ lọ, agolo náà yóò wú, yóò ti ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá náà yóò sì mú kí ooru inú àpótí dín kù.

Ẹyin adìẹ nìkan kọ́ ni àpótí yìí ṣe láǹfààní. Ní nǹkan bí 1880, Stéphane Tarnier, dókítà tó ń gbẹ̀bí ní Paris, rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pa ọmọ adìẹ ní ọgbà ẹranko. Ó ní kí wọ́n ṣe èyí tí ó lè gba ọmọ ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni àpótí tí a ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí ní ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti tipa báyìí rí ìgbàlà nítorí ẹnì kan wo àpótí adìẹ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹyin ẹranko afàyàfà kò dà bí ẹyin adìẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko yìí kì í sàba. Òjòlá a máa ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni alángbá fi ẹyin tirẹ̀ sí. Vernon Harris, tó fi alángbá ṣe ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, tó sì tẹ ìwé nípa ìgbé-ayé rẹ̀ jáde ní 1964, ṣe àlàyé pé abo alángbá máa ń fi ẹnu àti èékánná gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sínú iyanrìn tútù tí oòrùn ń pa. Yóò yé ẹyin 5 sí 7 síbẹ̀, yóò bò ó, yóò sì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, àwọn ọmọ yóò jáde fúnra wọn. Awọ́nríwọ́n a máa dá òkìtì ikán lu, yóò yé sínú rẹ̀, àwọn ikán yóò sì dí ojú ihò náà padà. Wọ́n di olùṣọ́ ẹyin láìmọ̀, torí ooru àti ọ̀rinrin inú òkìtì kì í yí padà púpọ̀. Ọ̀nì kékeré inú igbó wa a máa kó ewé jọ lórí ẹyin rẹ̀, bí ewé náà bá sì ti ń jẹrà, yóò máa gbóná. Kí Drebbel tó ṣe ààrò rẹ̀, àpótí ìsàba ti wà nínú igbó.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpótí fún irú ẹyin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin mìíràn. A máa ń yí ẹyin adìẹ padà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọ inú ẹyin afàyàfà máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹyin láàrin ọjọ́ bíi mélòó kan tí wọ́n yé e, bí a bá sì yí i, ó lè kú. Èèpo ọ̀pọ̀ nínú wọn rọ̀, ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, nítorí náà iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rin gbindin. Nǹkan bí dígíríì 37.5 ni ẹyin adìẹ ń fẹ́, ṣùgbọ́n ti alángbá kò tó 30. Ní Tógò àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó múlé gbè wá, àwọn kan ti sọ irú iṣẹ́ yìí di òwò. Wọ́n ń kó òjòlá kékeré tó lóyún láti inú oko, wọ́n ń tọ́jú ẹyin wọn sínú yàrá, wọ́n sì ń tà lára ọmọ wọn sí òkè òkun.

Ní báyìí, mo dé orí ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù. Aristotle kan náà tó kọ nípa ẹyin Íjíbítì ló kọ́ni pé ooru ara bàbá ló ń mú kí ọmọ ènìyàn jẹ́ ọkùnrin, àti pé òtútù ló ń fa obìnrin. Àwọn ènìyàn gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ní 1905, Nettie Stevens, obìnrin onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi kòkòrò kékeré kan hàn pé okùn tín-ín-rín inú ara, tí a ń pè ní kúrómósóòmù, ni ó yàtọ̀ láàrin akọ àti abo. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ní ọjọ́ tí oyún dúró ni a ti mọ akọ, a ti mọ abo, ooru kò sì ní ohun kan án ṣe níbẹ̀.

Ẹyin alángbá ni ó tún ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀. Ní 1966, ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà kún fún àlejò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú. Ní ìlú yẹn kan náà, ní ọdún yẹn kan náà, Madeleine Charnier tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Dakar tẹ ìwé kékeré kan jáde ní èdè Faransé. Alángbá tó wà lára ògiri wa náà ni ó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi àwọn ẹyin sínú ooru tí kò dọ́gba. Èyí tó wà ní dígíríì 26 sí 27 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abo tán. Èyí tó wà ní dígíríì 29 jẹ́ akọ. Yorùbá ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ẹyin náà funfun bákan náà, ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí yóò di akọ. Dígíríì méjì tàbí mẹ́ta péré ni ó wà láàrin wọn.

Àwọn ènìyàn kò tètè ka ìwé náà sí. Lẹ́yìn 1970 ni àwọn onímọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 1979, James Bull àti Richard Vogt ní Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ nípa ìjàpá omi, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ooru ló ń mú abo wá. Ní 1982, Mark Ferguson àti Ted Joanen kéde rẹ̀ nípa ọ̀nì Amẹ́ríkà. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sọ pé ní apá àríwá òkúta iyùn ńlá ti Ọsirélíà, níbi tí iyanrìn ti ń gbóná sí i, ó ju 99 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ìjàpá òkun tó jẹ́ abo. Bí abo nìkan bá kù, ìran náà yóò run. Àwọn ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin sí etíkun tiwa náà, láti Èkó dé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ilé-ìwé wa ní Òṣogbo hú ẹyin alángbá mẹ́fà jáde. Olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní kí a má ṣe dà wọ́n nù. A wá kúlà àtijọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán. A da omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a gbé bíríkì sínú omi náà, a sì gbé abọ́ iyanrìn tútù lé bíríkì lórí. A fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan kí a má baà yí i. A so gílóòbù kékeré kan mọ́ ọmọrí kúlà. Tẹmómítà nìkan ni a fi owó rà.

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ iná ń lọ ní Òṣogbo. Bí ó bá ti lọ, a ó bu omi gbígbóná sínú ike, a ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. Bàbá ọlọ́dẹ ilé-ìwé wa ló ń bá wa wo tẹmómítà lóru. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi wá pé, “Ṣé ẹ fẹ́ sin alángbá tà ni?” Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń kọ iye ooru sára ògiri pẹ̀lú èédú kí wọ́n má baà gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọmọ alángbá márùn-ún jáde, wọn kò gùn tó ìka ọwọ́ ènìyàn. Àwọn ọmọ náà jọra, kò sí èyí tí orí rẹ̀ pupa, nítorí náà a kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ìwé wa fi hàn pé ooru àpótí náà lọ láti 27 dé 30, ó sì padà lọ́pọ̀ ìgbà. A dá wọn sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, a sì fi ìwé àkọsílẹ̀ náà pamọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni mo rò pé ó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo ìtàn náà. Láti Íjíbítì dé Iléṣà, àwọn ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń pa ẹyin. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ iye ooru sílẹ̀ fún ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ó rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa náà ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital ní Iléṣà ń wọn àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ń fi àmì sórí káàdì kan tí ìyá ọmọ yóò máa tọ́jú, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tí kò dàgbà bó ti yẹ. Káàdì náà tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìlà èédú tí ìyá mi àgbà ń fà sára ẹyin awó, àti ti bàbá ọlọ́dẹ lára ògiri, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú káàdì yẹn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí tó bá ka àròkọ yìí gbé yẹ̀ wò. Nínú alángbá, ooru ilẹ̀ ló ń pinnu akọ àti abo. Nínú ènìyàn, kì í ṣe ooru, kì í sì í ṣe ìyá. Kúrómósóòmù X ni ìyá ń fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Bàbá ló lè fún ọmọ ní X tàbí Y, òun gan-an kò sì lè yan èyí tí yóò lọ. Síbẹ̀, mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa tó bí obìnrin márùn-ún, tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń bi í ní gbogbo ìgbà pé ìgbà wo ni yóò bí ọmọ gidi. Èmi náà jẹ́ ọmọbìnrin, mo sì mọ bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ọmọ tó bá gbọ́ ọ. Láti 1905 ni ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Obìnrin ló rí ti 1905, obìnrin náà ló sì rí ti 1966.

Ní ìparí, mo fẹ́ kí a kọ orúkọ Dakar àti ọdún 1966 sínú ìwé ẹ̀kọ́ wa, kí ọmọ Nàìjíríà tó bá ń kọ́ nípa akọ àti abo mọ̀ pé ẹranko tó wà lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì rẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Mo fẹ́ kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tẹmómítà kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kúlà tó ti bàjẹ́ kò wọ́n ní ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí alángbá tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ ju òkò ọwọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ mú kálàmù.